Bí Orin Ìsìnkú Papá Ṣe Di Ijó ní Roubaix

Mi ò jí fèrè Papá gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló nù ún, tó dì í sínú aṣọ ìbora, tó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Àjàṣẹ́, ìlú wa. Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí pé àwọn kan ṣì wà nínú ẹbí wa tí wọ́n ń pè mí lólè, mi ò sì lókun láti máa bá ẹbí jà láti ọ̀nà jíjìn.

Fèrè idẹ ni, irú èyí tí à ń fa ọ̀pá rẹ̀ síwájú sẹ́yìn, tí à ń pè ní tìróńbóònù. Àgùdà ni wá, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé, iṣẹ́ ìdílé wa sì ni fanfáà, ẹgbẹ́ onífèrè tó ń sin òkú láti ṣọ́ọ̀ṣì dé itẹ́ òkú. Papá ló ń darí ẹgbẹ́ náà. Òun ló ṣe orin tí wọ́n fi ń gbé òkú rìn, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Tìróńbóònù ló ń dá a: yóò fa ohùn gígùn mẹ́ta, àwọn tó gbé pósí yóò gbẹ́sẹ̀ ní ìkẹta, lẹ́yìn náà ni àwọn fèrè yòókù yóò gbè é. Láàárín wa, ẹni tó bá di àyè tìróńbóònù mú, ọmọ rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn kì í dá orin yẹn, àní bí fèrè bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ tìróńbóònù kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà sì ní.

Mo bi í pé, "Papá, kí lẹ̀yin á wá máa fun?"

"N ó máa lu sẹ́ńbáàlì. Ìwọ gbé e lọ. Wọn ò mọ̀ ọ́ níbẹ̀, èyí á sọ ẹni tí o jẹ́ fún wọn." Ó gbé ọwọ́ lé fèrè náà bí ìgbà tí à ń súre fọ́mọ. "Ọjọ́ tí mo bá lọ, gbé e wálé wá sin mí."

Mo ní dákọ́ọ̀, pé mo gbà. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, kí ni kì í gbà?

Ní Roubaix, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, mo kí ènìyàn mọ́kànlá lọ́jọ́ kìíní. Mo kà wọ́n. Obìnrin kan ṣoṣo ló dáhùn, nígbà tí mo sì wò ó dáadáa, ajá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní Wàńdó, ọjà wa nílé, kéèyàn tó ra iyọ̀, ó ti kí ogójì ènìyàn, ó ti béèrè ìyá, ó ti béèrè ọmọ, ó ti gbàgbé iyọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé, mo máa ń ráhùn pé ìkíni yẹn ń fi àkókò ẹni ṣòfò. Ẹ wá wo èmi tí mo wá ní àkókò, tí mi ò rí ẹni tí mo máa fi ṣòfò lé lórí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo yọ fèrè, mo fun ún nínú yàrá mi ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Mi ò tíì dé ohùn kẹta tí ọlọ́pàá méjì fi kan ilẹ̀kùn. Aládùúgbò mi ló pè wọ́n. Wọn ò bú mi, wọ́n tilẹ̀ rọra bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ jìnnìjìnnì tó bò mí lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé mo ti fèrè Papá sábẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún méjì.

Mo ríṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn òpitáálì. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa ṣa èyí tó lẹ́jẹ̀ kúrò lára èyí tí kò lẹ́jẹ̀. Ooru ibẹ̀ pọ̀, ariwo ẹ̀rọ pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Aṣọ tí ìyá ọmọ bímọ sí, aṣọ tí ẹlòmíràn kú lé, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Mo máa ń rò ó pé òkú ni mò ń sin nílé, òkú náà ni mo tún ń sin níbí, àfi pé níbí, kò sẹ́ni tó ń fun fèrè fún wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn mísà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Filomẹ́nà, máa ń pè mí lórí fóònù. Olùkọ́ ni, ohùn rẹ̀ sì dà bí ẹni tó ń máàkì ìwé ẹni: jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní fojú fo àṣìṣe kankan. Bí a bá ti kí ara wa tán, á gbé fóònù fún Papá. Ìbéèrè kan náà ni Papá máa ń bi mí.

"Ṣé ò ń fun ún?"

"Mò ń fun ún, Papá."

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ ọ?"

"Wọ́n ń gbọ́ mi gan-an."

Ojú máa ń tì mí bí mo bá sọ ọ́ tán. Mo máa ń bojú wo abẹ́ ibùsùn bí ẹni tó tọ́jú òkú síbẹ̀.

Jérôme ló sọ irọ́ mi di òótọ́. Òyìnbó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń tún páìpù omi ṣe níbi iṣẹ́ wa, kò sì sí ọjọ́ tí kì í so táì aláwọ̀ dúdú-funfun mọ́rùn, àní bó bá dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ kan tí àwọn ẹ̀rọ dákẹ́, tó gbọ́ tí mò ń súfèé.

Ó ní, "Orin wo nìyẹn?"

"Orin òkú ni, láti ìlú wa."

"Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?"

"Tìróńbóònù."

Ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀. "Ṣé o ní ọ̀kan?" Bó ṣe béèrè rẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti gbààwẹ̀ láti àná, ó wá gbóòórùn búrẹ́dì lára mi.

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ olórin kan, orin tí wọ́n ń pè ní síká ni wọ́n ń ṣe. Jérôme kò lè sọ̀rọ̀ orin náà kó má dìde dúró. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ Jàmáíkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gìtá inú rẹ̀ kì í dún níbi tí ẹsẹ̀ bá ti balẹ̀, àárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì ló ti ń dún. Nígbà tí àwọn ará Jàmáíkà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wáṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e dání lọ. Nígbà tó yá, orin náà kú. Àwọn ọmọ wọn, pẹ̀lú ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ funfun tí ìṣẹ́ kan náà ń ṣẹ́, ló hú u jáde, wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ pọ́ńkì, orin ariwo àti ìbínú tó gbòde nígbà náà. Dúdú àti funfun lórí pèpéle kan náà, ìtumọ̀ táì ọrùn rẹ̀ nìyẹn. Ó tún kú. Wọ́n tún jí i ní Amẹ́ríkà, ó tún kú. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tún ti ń jí i báyìí káàkiri ayé, àwa náà á sì bá wọn jí i.

Mo ní, "Orin yìí ti kú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò sì tíì pe fanfáà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo pa ẹnikẹ́ni ní Roubaix nìyẹn, mo gbé e lọ sílé, mo fi jẹ búrẹ́dì mi lálẹ́.

Ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan tó ti di ahoro ni wọ́n ti ń fi orin dánra wò lọ́sàn-án Sátidé. Mo gbé fèrè lọ. Jérôme ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ìlù sọ, gìtá wọlé, èmi náà gbé fèrè sẹ́nu.

Nínú fanfáà, ẹnikẹ́ni kì í fun fèrè lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí ẹnu máa mí. Láti kékeré ni mo ti ń rìn bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Bí mo ṣe fun ohùn kìíní, ẹsẹ̀ mi ti gbéra. Mo la àárín wọn kọjá, mo di ojú, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń lọ. Ó pẹ́ kí n tó fura pé orin ti dákẹ́ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sí pósí, kò sí èrò, wáyà gìtá méjì tó kọ́ mi lẹ́sẹ̀ ló tẹ̀lé mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Jérôme wá mú mi léjìká, ó fi bí wọ́n ṣe ń jó síká hàn mí: orúnkún á máa gòkè, ìgúnpá á máa lọ síwá sẹ́yìn, bí ẹni tó ń sáré, ṣùgbọ́n kò ní kúrò lójú kan. "Rìn bó ṣe wù ọ́," ó ní, "àmọ́ dúró síbí."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yé ju bó ṣe rò lọ. Ohun tí mò ń ṣe ní Roubaix láti ọjọ́ tí mo ti dé gan-an nìyẹn, tí òógùn ń bò mí, tí mi ò dé ibì kankan. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ń rìn, ibì kan ló ń lọ. Bí kò tiẹ̀ jẹ́ ibi tó dára, á dé ibẹ̀. Mo ti wá mọ irú ìrìn mìíràn báyìí. Mo sì mọ̀ ọ́n jó dáadáa, kí n má parọ́.

Ẹ má bínú sí Jérôme. Ènìyàn rere ni. Nígbà tó ní kí n fi orin òkú yẹn kọ́ àwọn, kò fipá gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fi í fún wọn. Ohùn gígùn mẹ́ta Papá di ohùn kúkúrú mẹ́ta, ìlù ń lé e nídìí, gìtá ń ta lẹ́yìn rẹ̀ bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ ṣe é síta, ní ọgbà ìgbafẹ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí mo fun ohùn kẹta. Wọ́n ń kígbe pé ká tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹni tó ni orin. Wọ́n gbé àwòrán mi síwájú lórí pátákó ìpolówó, èmi nìkan ni dúdú níbẹ̀, táì dúdú-funfun wà lọ́rùn mi. Lórí pèpéle, a ń pariwo pé ọ̀kan náà ni gbogbo ènìyàn. Nígbà tó di Ajé, mo tún tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìgbélùú, kò sì sí ẹni tó fò sókè nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà mi.

Mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sílé. Mo fẹ́ kí Papá rí i pé wọ́n ń gbọ́ mi lóòótọ́. Filomẹ́nà ní Papá wò ó tán, ó ní kí wọ́n tún un gbé fún òun, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi í lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Papá, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Wọ́n ń sáré. Òkú ta ni wọ́n ń sá fún?"

Mo ní ijó ni, Papá, ayọ̀ ni, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é níbí ni.

Ó ní, "Ó dáa. Inú mi dùn pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó o bá dé, rọra fun ún fún mi. Èmi ò ní lè sáré."

Nígbà tí Filomẹ́nà pè mí lọ́jọ́ Rú kan, kí ó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀ pé ara Papá ò yá, torí kì í pè lọ́jọ́ iṣẹ́. Àìsàn náà ò pẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Mo ń ṣa aṣọ nígbà tó tún pè. Ẹkún ni mo gbọ́. Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ àwọn aláìsàn, ọ̀gá wá bi mí bóyá ó rẹ̀ mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n gbé Papá sí ilé òkú, wọ́n ń dúró dè mí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé wa: òkú á wà nínú yìnyín títí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun á fi dé. Àwọn ẹlòmíràn ń dúró oṣù mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n dúró. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ìwé pélébé kan lọ, tó ń sọ pé ẹjọ́ mi ṣì wà níwájú ọ́fíìsì. Ó gbà mí láyè láti máa gbé ilẹ̀ Faransé, kò gbà mí láyè láti jáde kí n tún wọlé. Ọdún kẹsàn-án mi rèé. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi pé kí n wá gbọ́ èsì. Ọjọ́ náà pé, wọ́n sún un síwájú. Mo ní kí wọ́n tún dúró ní Àjàṣẹ́. Wọ́n dúró.

Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìwé ló há mi mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọkọ̀ òfuurufú wà. Bí mo bá wọ̀ ọ́, mo máa sin bàbá mi, ilẹ̀kùn á sì tì lẹ́yìn mi títí láé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú fèrè tí mo gbé lọ, kí wọ́n sì bi mí pé kí ló kù. Mo tún fẹ́ràn ọgbà ìgbafẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ń kígbe pé kí n tún un ṣe.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Filomẹ́nà ní, "Àbúrò, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣé a máa sọ pé Papá ò bímọ ni?" Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù fún Mésè Kosme, bàbá àgbàlagbà tó gba ìdarí fanfáà lẹ́yìn Papá.

"Ọmọ mi, a ti dá ọjọ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni. Ṣé ò ń bọ̀?"

Mo ní ìwé mi kò tíì jáde.

Ó ní, "Àyè rẹ ni, a ò ní fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Bí o ò bá wá, a ó gbé e rìn láìlórin."

"Mésè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá a láti ibí. Lórí fóònù."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Lórí fóònù, kẹ̀? Ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ohun tó kù nìyẹn."

Nígbà òtútù, aago Roubaix àti aago Àjàṣẹ́ dọ́gba. Mo di ìyẹn mú bí ẹni pé ó tó. Jérôme ṣí ilé ahunṣọ fún wa láàárọ̀ Sátidé náà, ó wọ aṣọ dúdú, ó bọ́ táì rẹ̀ kúrò lọ́rùn fúnra rẹ̀. Filomẹ́nà ti so fóònù tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan. Mo rí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lójú fóònù mi, mo rí pósí, mo rí èjìká àwọn tó fẹ́ gbé e. Mésè Kosme wo fóònù, ó mi orí sí mi.

Mo fun ohùn kìíní, gígùn, bí Papá ṣe fẹ́ ẹ. Kò sí nǹkan kan tó mì lọ́hùn-ún. Mo ti wà lórí ìkejì kí n tó rí i tí orí wọn yí sí ohùn kìíní. Ohùn mi ń pẹ́ kó tó dé. Mo ṣáájú wọn, mo dúró dè wọ́n, ó tún burú sí i. Nígbà tí mo fun ìkẹta, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé pósí gbé ẹsẹ̀, àwọn yòókù kò gbé e. Pósí fì. Obìnrin kan kígbe. Mo rí ọwọ́ Mésè Kosme tó gòkè.

Mo di ojú. Mi ò lè wò ó mọ́, mi ò sì lè dúró, torí bí mo bá dúró, a jẹ́ pé mi ò sin ín. Mo fun orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún un fun láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀ lójú kan. Ní ọkàn mi, mo kọjá ilé wa, mo dé itẹ́, mo rọra gbé e sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí mo la ojú, Jérôme ń sunkún. Ó di mọ́ mi, ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo wo fóònù. Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Wọ́n ti gé ìpè náà ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Mo sì ti ń fun fèrè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Filomẹ́nà pè mí nírọ̀lẹ́.

"Alò, àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó dé. Gbogbo òde ló gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ń sunkún."

"Ṣé títí dópin?"

Ní gbogbo ayé mi, mi ò mọ ẹ̀gbọ́n mi sí onírọ́.

Ó ní, "Títí dé itẹ́. Ìwọ lo dá a, ìwọ lo sin Papá."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní kí n lọ jẹun.